Orin Méjì, Oko Òwú Kan: Àwọn Olórin Àjọ̀dún King Biscuit ní Helena

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Helena, ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, máa ń kún fún àlejò. Etí odò Mississippi gan-an ni ìlú náà wà. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti mọ òkìtì amọ̀ gíga kan sí àárín ìlú àti odò, kí omi má baà ya wọlé gbé ilé lọ. Ní àsìkò àjọ̀dún orin tí wọ́n ń pè ní King Biscuit Blues Festival, ara òkìtì yìí ni àwọn èrò ń jókòó sí. Wọ́n á kọjú sí pèpéle, odò á sì wà lẹ́yìn wọn. Ní òpópónà Cherry Street, tó wà nísàlẹ̀, àwọn olórin tí kò rí àyè lórí pèpéle ńlá á gbé gìtá wọn síwájú ilé ìtajà, wọ́n á ṣí àpótí gìtá sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fún wọn lówó, wọ́n á sì máa kọrin fún àwọn tó ń kọjá lọ.

Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè lè sọ pé àríyá lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ orin ilẹ̀ yìí lórúkọ kò wo ilé rárá. Àwọ̀ ara olórin ni wọ́n wò. Èyí tí aláwọ̀ dúdú bá kọ, wọ́n pè é ní blues. Èyí tí aláwọ̀ funfun bá kọ, wọ́n pè é ní country. Wọ́n tò wọ́n sí orí pẹpẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé ìtajà, wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí àwọn ènìyàn fi gbà gbọ́ pé ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìtàn Helena àti agbègbè rẹ̀ fi hàn pé inú oko òwú kan náà ni àwọn méjèèjì ti jẹun. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni bí wọ́n ṣe ya orin méjì yìí nípa, ẹni tó jèrè ìyapa náà, àti ohun tí àwọn olórin tó ń gun pèpéle etí odò yìí ń tún ṣe.

ILẸ̀ ÒWÚ

Helena ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Phillips. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá gidigidi, nítorí pé àìmọye ọdún ni odò Mississippi fi ń kún bò ó, tó ń da ẹrẹ̀ dáadáa sí i lórí. Òwú ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń gbìn ín. Nígbà tí oko ẹrú parí ní ọdún 1865, ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gba òmìnira ní ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì. Kò ní ilẹ̀ tí yóò dá sí.

Bí ètò oko àjọpín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Onílẹ̀ á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀, irúgbìn, irinṣẹ́ àti oúnjẹ láwìn. Bí òwú bá là, tí wọ́n já a tán, wọ́n á pín owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló ni òṣùwọ̀n, òun ló ń kọ ìwé gbèsè, òun náà ló sì mọ iye tí òun ta òwú. Lọ́pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá ṣírò tán, gbèsè ni àgbẹ̀ ń gbé relé. Àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ní ilẹ̀ náà wà nínú oko yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin àti àṣà gbé wọn lékè aládùúgbò wọn. Wọ́n ń já òwú lábẹ́ oòrùn kan náà, wọ́n sì ń gbọ́ orin ara wọn.

Ẹni tó bá béèrè ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ yìí lè fi ẹ̀mí dí i. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú péjọ sínú ilé ìjọsìn kan ní Hoop Spur, nítòsí ìlú Elaine, tí kò jìnnà sí Helena. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè gba iye tó tọ́ lórí òwú wọn. Ìbọn dún níwájú ilé ìjọsìn náà, aláwọ̀ funfun kan sì kú. Ọ̀rọ̀ di ìpakúpa. Àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra ya wọ àdúgbò náà, ìjọba sì kó sójà wá. Aláwọ̀ funfun márùn-ún ló kú. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí iye wọn. Àwọn kan ní ó lé ní 100, àwọn mìíràn ní ó ju 200 lọ.

Ilé-ẹjọ́ tó jókòó ní Helena dájọ́ ikú fún aláwọ̀ dúdú 12. Kò sí aláwọ̀ funfun kankan tí wọ́n bá ṣẹjọ́ nítorí àwọn àgbẹ̀ tó kú. Agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Scipio Africanus Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Wọ́n gbé e títí ó fi dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1923, ilé-ẹjọ́ náà là á mọ́lẹ̀ pé ìgbẹ́jọ́ tí àwọn èrò tó ń bínú bá fi ìbẹ̀rù darí kì í ṣe ìgbẹ́jọ́ lójú òfin. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1925, àwọn 12 náà ti jáde tán.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé kò sí bí a ṣe lè gbọ́ orin Helena yé láìmọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀ níwájú onílẹ̀ a máa fi kọrin nígbà tí onílẹ̀ bá ti lọ. Ó lè ní obìnrin ló já òun sílẹ̀, ó lè ní ọkọ̀ ojú irin ló gbé olólùfẹ́ òun lọ. Àwọn tó jọ ń já òwú mọ ohun tó ń sọ.

FÚLÁWÀ, RÉDÍÒ ÀTI ÒSÌNMI Ọ̀SÁN

Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1941, ilé-iṣẹ́ rédíò tuntun kan ní Helena, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ KFFA, bẹ̀rẹ̀ ètò orin kan ní ọ̀sán. King Biscuit Time ni wọ́n pe ètò náà. King Biscuit jẹ́ orúkọ fúláwà tí ilé-iṣẹ́ Interstate Grocer ń tà, àwọn ló sì ń sanwó ètò náà kí ọjà wọn lè tà. Olórin méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Sonny Boy Williamson, tó ń fọn hàmóníkà, àti Robert Lockwood Kékeré, tó ń ta gìtá. Sonny Boy kì í ṣe orúkọ àbísọ. Aleck Miller ni wọ́n ń pè é ní ilé. Orúkọ olórin mìíràn tó ti lókìkí ní ìlú Chicago ló mú lò.

Wákàtí tí wọ́n yàn dára púpọ̀. Ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kúrò nínú oko láti jẹun ọ̀sán. Rédíò kan lè wà ní ilé ìtajà tàbí nínú ilé ẹnì kan, kí gbogbo àdúgbò sì pé jọ yí i ká. Owó tí wọ́n ń san fún àwọn olórin kò tó nǹkan. Èrè wọn ni pé wọ́n lè kéde ibi tí wọ́n ti máa ṣeré lálẹ́, àwọn èrò á sì wá. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìyẹ̀fun àgbàdo kan jáde tí wọ́n fi orúkọ Sonny Boy pè, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sára àpò rẹ̀, ó jókòó lórí odidi àgbàdo kan pẹ̀lú hàmóníkà lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti yìnbọn fún àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú nítorí iye owó òwú ní ọdún 22 péré ṣáájú ètò yìí, ojú àti orúkọ aláwọ̀ dúdú wá di ohun tí oníṣòwò ń wá kiri.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń gbọ́ ètò náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ oko nítòsí Indianola, ní òdìkejì odò ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Riley King ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1948 ń lọ sópin, ó wá Sonny Boy lọ sí West Memphis, níbi tí òun náà ti ń ṣe ètò rédíò nígbà náà, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun kọ orin kan. Sonny Boy gbà fún un. Ẹni náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí B.B. King.

Rédíò kò mọ àwọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Abúlé kékeré kan wà ní agbègbè Helena tó ń jẹ́ Turkey Scratch. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Robert Lockwood ní ọdún 1915. Ìyá rẹ̀ àti Robert Johnson, olórin blues tí òkìkí rẹ̀ kò tíì tán títí di òní, jọ gbé ní Helena, Johnson fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọmọ náà ní gìtá. Ní ọdún 1940, wọ́n bí ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ní Elaine, àwọn òbí rẹ̀ sì tọ́ ọ dàgbà nínú oko òwú ní Turkey Scratch kan náà. Levon Helm ni. Ó sọ nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun nígbà tí wọ́n mú òun lọ wo Bill Monroe àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà nínú orin country àwọn ará òkè. Ó tún sọ bí òun ṣe ń wo Peck Curtis, onílù King Biscuit Time, tí òun sì ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú méjèèjì. Onílù ni Helm náà dà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá dá ẹgbẹ́ olórin The Band sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù rẹ̀, tó sì fẹ́ sọ ibi tí country parí sí àti ibi tí blues ti bẹ̀rẹ̀, yóò ṣe wàhálà lásán.

Helm nìkan kọ́. Harold Jenkins dàgbà ní Helena. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dá ẹgbẹ́ orin kan tó fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Phillips pè, rédíò KFFA sì gbà wọ́n láyè láti máa ṣeré. Nígbà tó dàgbà, ó mú orúkọ ìlú méjì pọ̀, Conway ní Arkansas àti Twitty ní Texas, ó sì di Conway Twitty, ọ̀kan nínú àwọn olórin country tó tà jù lọ ní ọ̀rúndún ogún. Charlie Rich, tí òun náà jẹ́ ọmọ Arkansas, di ìràwọ̀ country ní àwọn ọdún 1970. C.J. Allen, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan nínú oko bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi dùùrù tẹ blues.

BÍ WỌ́N ṢE PÍN ORIN

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí nínú oko, níbo ni ìyapa ti wá? Ọjà ló ti wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ OKeh gba orin Mamie Smith sílẹ̀ ní New York, èyí tí wọ́n pè ní Crazy Blues. Ó tà wàràwàrà, àwọn oníṣòwò sì rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń ra àwo orin. Ní oṣù kẹfà ọdún 1923, Ralph Peer, tó ń ṣiṣẹ́ fún OKeh, gba orin Fiddlin' John Carson sílẹ̀ ní Atlanta. Aláwọ̀ funfun tó ń ta fáólíìnì ni Carson. Òun náà tà. Àwọn ilé-iṣẹ́ wá ya ìwé ọjà wọn sí méjì. Wọ́n pe ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní àwo orin ẹ̀yà, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe àwọn ará oko orí òkè pe ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Olórin aláwọ̀ dúdú tó bá mú orin country dání dé ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, blues ni wọ́n máa ní kó kọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní oko, olórin tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn jó títí ilẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo rẹ̀: orin ijó, orin ìjọsìn, orin ọkọ̀ ojú irin àti orin ìbànújẹ́.

Ní ìparí oṣù keje àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 1927, Peer tún lọ sí Bristol, ní ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti Virginia. Ibẹ̀ ló ti gba orin ìdílé Carter àti ti Jimmie Rodgers sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Victor. Ọ̀pọ̀ ló ń pe ọ̀sẹ̀ náà ní ọjọ́ ìbí orin country. Bí a bá tú aṣọ ọmọ tuntun náà wò, a ó rí ọwọ́ ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀. Rodgers ti ṣiṣẹ́ lójú irin ní Mississippi pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú, blues ni ó sì ń kọ, ó kàn ń fi igbe àwọn ará òkè sí i ni. Ní ọdún 1930, Louis Armstrong fọn fèrè nínú ọ̀kan nínú àwọn àwo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ Armstrong sára àwo náà. Láti ọdún 1928, A.P. Carter ń bá aláwọ̀ dúdú kan, Lesley Riddle, rìn kiri abúlé láti kó orin jọ. Carter á kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, Riddle á sì fi orí gbé ohùn rẹ̀ délé. Orúkọ Carter ló jáde.

Àpẹẹrẹ pọ̀. Bill Monroe jẹ́wọ́ pé Arnold Shultz, aláwọ̀ dúdú tó ń ta gìtá àti fáólíìnì ní Kentucky, wà lára àwọn olùkọ́ òun. Hank Williams ní Rufus Payne, aláwọ̀ dúdú tó ń kọrin lójú pópó ní Alabama, ló kọ́ òun ní orin. Ọ̀nà náà kò sì lọ síbì kan ṣoṣo. Howlin' Wolf, òmìrán nínú orin blues, sọ pé òun gbìyànjú láti ké bí Jimmie Rodgers, kò ṣeé ṣe, ó sì di híhu bí ìkookò.

Ẹni tí ìyapa yìí dùn jù lọ ni DeFord Bailey. Hàmóníkà ni ó ń fọn, òun sì ni aláwọ̀ dúdú tó lókìkí jù lọ lórí Grand Ole Opry, ètò rédíò country tó lágbára jù ní Nashville, láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà. Ní ọdún 1941, wọ́n lé e kúrò. Ó lọ ń bá àwọn ènìyàn nu bàtà ní ìlú kan náà. Ọdún 1982 ló kú. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn iyì àwọn olórin country. Ẹ kíyè sí ọdún náà: ní 1941 kan náà tí Nashville ti ilẹ̀kùn mọ́ hàmóníkà Bailey ni Helena ṣí ilẹ̀kùn fún hàmóníkà Sonny Boy.

Ní ọdún 1949, ìwé ìròyìn Billboard pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, ó sì fi orúkọ tó bójú mu rọ́pò wọn fún orin àwọn aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn aláwọ̀ funfun. Orúkọ yí padà, pẹpẹ méjì kò yí padà. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Nígbà tí Peer dé Victor, kò béèrè owó oṣù. Ẹ̀tọ́ lórí àwọn orin tó bá gbà sílẹ̀ ló béèrè. Ó mọ̀ pé olórin á kú, orin á sì máa mówó wọlé.

ÀWỌN TÓ GUN PÈPÉLE

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ òwú lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó ẹrù wọn lọ sí Chicago, Detroit àti Cleveland, wọ́n sì gbé orin wọn dání. Lockwood lọ. Pinetop Perkins, tó ti tẹ dùùrù lórí King Biscuit Time, lọ. Sonny Boy lọ títí dé ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé e gẹ̀gẹ̀, kó tó padà wá kú ní Helena ní oṣù karùn-ún ọdún 1965. Ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ní West Helena ti ìlẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀ lé òmíràn láti kógbá sílé ní Cherry Street.

Ìlú tó ń kú ló dá àjọ̀dún sílẹ̀ ní ọdún 1986. Àwọn ará ìlú wo ohun tó kù lọ́wọ́ wọn. Kò sí òwú, kò sí táyà, orin ló kù. Wọ́n sì pe àwọn tó ti lọ padà wálé.

Lockwood padà wá. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní ọdún 2006, ní ẹni ọdún 91, ó ń wá ta gìtá ní ìlú tí Robert Johnson ti kọ́ ọ. Pinetop Perkins padà wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù kejì ọdún 2011, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 97, òun àti Willie Smith, onílù tí wọ́n bí ní Helena, jọ gba ẹ̀bùn Grammy, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o tó gbà á rí nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún náà ó kú. Smith tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án. CeDell Davis, ọmọ Helena, náà gun pèpéle náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ láti kékeré, kò lè tẹ okùn gìtá mọ́. Ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń pa bọ́tà, ó fi èèkù rẹ̀ ra okùn gìtá, ohùn kan sì jáde tí kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. B.B. King wá. Bobby Rush, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó gba Grammy àkọ́kọ́, máa ń wá. Charlie Musselwhite, aláwọ̀ funfun tí wọ́n bí ní Mississippi, tó kọ́ hàmóníkà lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú, máa ń wá.

Orúkọ blues nìkan ló wà lára pátákó àjọ̀dún náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ìtàn Turkey Scratch mọ̀ pé gbogbo ilé ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀bẹ CeDell Davis bá ń ké lára okùn, ó jọ gìtá irin tí àwọn olórin country ń gbé lé itan. Nígbà tí ẹnì kan bá fi hàmóníkà ṣe ọkọ̀ ojú irin, DeFord Bailey ló dé.

Mi ò ní sọ pé àjọ̀dún ti wo Helena sàn. Helena àti West Helena di ìlú kan ní ọdún 2006, iye àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 10,000 mọ́ nígbà ìkànìyàn ọdún 2020. Orúkọ àjọ̀dún pàápàá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Ní ọdún 2005, nítorí aáwọ̀ lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí orúkọ King Biscuit, wọ́n ní láti pe àjọ̀dún wọn ní orúkọ mìíràn, ó sì tó ọdún mélòó kan kí tàtijọ́ tó padà. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ìlú tó fi orin sọ fúláwà di olókìkí kò lè fi orúkọ fúláwà pe orin ara rẹ̀.

Ohun tí àjọ̀dún ṣe ni pé kò jẹ́ kí àwọn àgbà kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Ó fún wọn ní owó lọ́wọ́ ara wọn, ó sì fún wọn ní orúkọ wọn, níwájú àwọn ọmọ ìlú. Ní ọdún 2019, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìpakúpa Elaine, wọ́n ṣí ohun ìrántí fún àwọn tó kú, àárín ìlú Helena ni wọ́n sì gbé e sí. Àlejò tó wá gbọ́ orin lè rìn dé ibẹ̀, kó sì mọ ohun tí orin náà ń sunkún sí.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ òwú Arkansas. Ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Gìtá irin tó ń sunkún nínú orin country náà ni King Sunny Adé gbé wọ inú jùjú. Demola Adepoju ló ń ta á nínú àwo Juju Music, tó jáde ní ọdún 1982. Nígbà tí Sunny Adé gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, àwọn tó rò pé ohun èlò yẹn kò lè kúrò ní Nashville gbọ́ ọ láàárín gángan. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ gìtá náà pé ọmọ ta ni.

Ọ̀ràn ẹ̀tọ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1969, Haruna Ishola, baba àpàlà, àti I.K. Dairo, àgbà onijùjú, pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ní ìpín nínú èrè orin tirẹ̀. Ọ̀kan kọ àpàlà, èkejì kọ jùjú, ọjà kò sì lè yà wọ́n. Wọ́n ti mọ ohun tí Lesley Riddle kò rí ẹni sọ fún un.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni iye àwọn àgbà sákárà, wákà, dùndún àti àpàlà tó wà láàyè nínú àwọn ìlú wa lónìí, tí ẹnikẹ́ni kò pè sórí pèpéle ní ìlú tí wọ́n ti bí wọn. Helena kò lówó tó ọ̀pọ̀ ìlú wa. Òkìtì amọ̀, òpópónà kan àti ìrántí ni wọ́n ní. Sonny Payne, ẹni tó ń ṣe atọ́kùn King Biscuit Time láti ọdún 1951, wà nídìí ẹ̀rọ náà títí tó fi kú ní ọdún 2018, ní ẹni ọdún 92. Lọ́sàn-án ojoojúmọ́ ló ń pe orúkọ àwọn olórin náà lórí afẹ́fẹ́, àwọn tó ti kú àti àwọn tó ṣì wà, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn lè máa gbọ́ ọ.